Ẹnu Ara Yín Ni Kí Ẹ Fi Sọ Ọ́

Àwọn ará ilé wa ní Ìkìrun gbà pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe ní Àbújá. Wọ́n á ní, "Ọmọ wa tó wà lọ́dọ̀ ìjọba." N kì í bá wọn jiyàn. Ká sọ tòótọ́, ìjọba Àbújá ò mọ̀ mí rí. Yàrá kékeré kan ni mò ń jókòó sí nínú ilé ìwòsàn kan ní Kabusa, yàrá tí kò ní ju àga mẹ́ta lọ, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi dóńgóyárò. Tọkọtaya ló ń wá bá mi níbẹ̀, àwọn tí ọ̀kan nínú wọn ní kòkòrò HIV lára tí èkejì ò ní, tàbí tí wọn ò tíì mọ èyí tó ní in. Èmi ni mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè máa ṣe lọ́kọláya láì kó o ran ara wọn. Kò sí ìyá tó máa dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì kó ní irú iṣẹ́ tí ọmọ òun ń ṣe nìyẹn.

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti dé ìlú yìí. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbí ni pé kò sẹ́ni tó ń kí èèyàn. Ní Ìkìrun, kí n tó ti ilé wa dé ìdí ẹ̀rọ omi, mo ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Lugbe, àdúgbò tí mò ń gbé, mo kúnlẹ̀ kí ìyá kan tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé kejì. Ìyá náà wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bóyá ẹlòmíì ni mò ń kí. Nígbà tó rí i pé òun ni, ó ní, "Sànnu," ó sì bá ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Èmi náà bá kọ́ sànnu. Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo ẹni tí mo bá rí ni mò ń da sànnu bò, títí kan pásítọ̀ wa tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní Ìyá Fọlá ti di ọmọ Àbújá. N kò bá a rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo sunkún nítorí ìkíni lásán.

Fọlá, ọmọ mi kan ṣoṣo, jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà yẹn. Ó ti di mẹ́tàlá báyìí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́. Bí mo bá ní kó lọ sọ ìkòkò kalẹ̀, á sọ ọ́ kalẹ̀, "Okay, Mummy" ni yóò fi dá mi lóhùn. Bí bàbá rẹ̀ bá pè láti ilé, bàbá á máa sọ Yorùbá, ọmọ á máa fi òyìnbó dáhùn, inú àwọn méjèèjì á sì máa dùn. Èmi tí mo gbọ́ èdè méjèèjì ni mi ò rí nǹkan sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi kúrò nílé, torí bí n kò bá sọ ọ́, ìyókù ò ní yé yín.

Tíṣà ni ọkọ mi, Bàbá Fọlá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó mọ́ tónítóní, ó sì mọ ọsàn bó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó lè bó ọsàn látòkè délẹ̀ kí èèpo rẹ̀ má já, á gé orí rẹ̀, á nà án sí mi kó tó mú tirẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni a ti fẹ́ra nígbà tí àìsàn kan dá a gúnlẹ̀ tí kò lọ bọ̀rọ̀. Wọ́n ṣàyẹ̀wò fún un ní Òṣogbo. Ó dé, kò sọ nǹkan kan fún mi. Lọ́jọ́ kẹta, lọ́sàn-án Sátidé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà wọlé pẹ̀lú àgbà méjì nínú ẹbí. Wọ́n jókòó, wọ́n gbàdúrà, wọ́n pa òwe títí ó fi sú mi. Ẹ̀yìn náà ni ẹ̀gbọ́n wá sọ fún mi pé kòkòrò yẹn wà lára àbúrò òun, pé kí n fọwọ́ wọ́nú. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọkọ mi wà nínú yàrá. Mò ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ kọ́tìnnì. Kò jáde.

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo fún wọn lómi tútù, mo sìn wọ́n dé títì. Ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ yẹn á rò pé wọ́n wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi ni. Mo lọ ṣàyẹ̀wò tèmi lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìkẹta, mo mú Fọlá, mo wá bá ọ̀rẹ́ mi kan ní Àbújá tí a jọ ṣiṣẹ́ ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀ nígbà kan. Mo ní oṣù mẹ́ta péré ni mo máa lò. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, mo rán Rónkẹ́ àbúrò mi sí Bàbá Fọlá pé kó má retí mi mọ́.

Gbogbo ilé rò pé àìsàn ni mo sá fún, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Àìsàn kọ́. Ohun tó dùn mí ni pé ọkùnrin tó ń bó ọsàn fún mi fún ọdún mẹ́sàn-án rí ẹnu fi sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò rí ẹnu fi sọ ọ́ fún mi. Mo mọ̀ pé kò ṣe ohun tí a kì í ṣe nílẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, àgbà ni wọ́n ń fi rán. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú kì í ṣàdédé gbọ́ ọ. Wọ́n á wá àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Mo ṣì ń bínú.

Ní Kabusa, ìwé àwọn aláìsàn ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n máa tọ́jú, kí wọ́n tó rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ olùdámọ̀ràn. Mátírọ́ọ̀nù wa, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ le ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ dára, fi òfin mẹ́ta lé mi lọ́wọ́. A kì í béèrè ibi tí èèyàn ti kó o. A kì í bá ẹnikẹ́ni sọ èsì àyẹ̀wò rẹ̀ fún ẹlòmíì; ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́, àwa kàn máa jókòó tì í ni. Ìkẹta, àga mẹ́ta ni kó wà nínú yàrá yẹn, ọkọ, aya, àti ìwọ. Kò gbọdọ̀ sí ìkẹrin. Nígbà tó ka òfin kejì fún mi, mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ. Ó rò pé n kò gbọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ tí mò ń bá wọn sọ kò pọ̀. Mo máa ń ní, nígbà tí a wà ní kékeré, àrùn kògbóògùn ni rédíò ń pè é, ṣùgbọ́n ó ti ń gbóògùn báyìí. Ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì ń fi hàn pé kòkòrò náà ti kéré débi tí ẹ̀rọ ò rí i mọ́, kò ní kó o ran ẹnìkejì rẹ̀ lórí ibùsùn. Kó tó dé bẹ́ẹ̀, ẹ lo rọ́bà, kí ẹni tí kò ní in máa lo oògùn ìdènà tirẹ̀ náà. Ẹ lè bímọ. Ẹ lè dàgbà pọ̀. Mo ti fi Yorùbá sọ ọ́, mo ti fi òyìnbó sọ ọ́, mo ti fi pijin sọ ọ́, mo sì ti fi Haúsá mi tó ń tiro sọ ọ́. Obìnrin ọmọ Kabusa kan tí mo fi Haúsá yẹn bá sọ̀rọ̀ gbé ọmọ tuntun rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ti yẹ ọmọ náà wò, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó fún mi ní iṣu ńlá kan. Mo gbé iṣu yẹn wọ kẹ̀kẹ́, mo gbé e wọ mọ́tò dé Lugbe, mò ń dá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo gbé e sílẹ̀ ní kíṣìnnì, mo wá rí i pé kò sí ẹni tí mo lè ròyìn rẹ̀ fún. Bàbá Fọlá ni mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún.

Ó máa ń pè wá ní gbogbo Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Á sọ̀rọ̀ òjò, á sọ̀rọ̀ páànù tí atẹ́gùn ṣí, á sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Á ní ọsàn ẹ̀yìnkùlé ti so. Ọdún mẹ́fà, kò dárúkọ àìsàn yẹn lẹ́ẹ̀kan. Èmi náà ò bi í. Èmi tí mò ń bi àlejò lójoojúmọ́ pé ṣé ẹ lo oògùn yín lánàá, mi ò lè bi ọkọ mi bóyá ó ń lo tirẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń tẹ́tí sí ikọ́. Bó bá wúkọ́ báyìí, àyà mi á já, mi ò ní lè gbádùn títí di Sọ́ńdè mìíràn. Wọ́n ní àjò ò lè dùn kí onílé má relé. Àjò tèmi ò tilẹ̀ dùn. Ọsàn kún ẹ̀gbẹ́ títì ní Lugbe, mi ò jẹ ẹ́ rí láti ọdún mẹ́fà. Ẹ̀hánnà ni mò ń ṣe sí ara mi, mo mọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún yìí ni ọ̀rọ̀ Múfútàù ṣẹlẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ń tẹ́ táìlì sílẹ̀ ilé onílé. Ó ti ń gba oògùn lọ́dọ̀ wa fún oṣù mẹ́ta, kò sì tíì tó àsìkò tí ẹ̀rọ ò ní rí kòkòrò náà mọ́. Síkírá ìyàwó rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń wá wò ó. Ìgbà tó wá kẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ ò tíì mọ̀ pé òun ní nǹkan kan lára. Gbogbo ìgbà tí Múfútàù bá wá gba oògùn ló máa ń ṣèlérí fún mi pé tó bá ti dé báyìí, òun á sọ fún un. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ó pè mí. Ó ní Síkírá ti dé láti Sátidé. Ó ní òun parọ́ fún un pé iṣẹ́ kan wà ní Wuye tí àwọn ń ṣe mọ́jú, òun sì ti sun orí páálí táìlì fún ọjọ́ méjì kí òun má bàa sùn tì í. Mo ní kó mú un wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí. A máa wá."

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wá.

Ẹnì kẹta ni Bàbá Alága, olórí ìpàdé àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tí Múfútàù wà nínú rẹ̀, arúgbó tó wọ agbádá funfun tó ti lọ háú. Ojú ẹsẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ kí i. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fi àga mi fún un. Ẹ̀kọ́ ilé ló bà mí jẹ́. Síkírá jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé gààrí wá fún mi nínú ọ̀rá, torí ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé ọmọ wa ni Àǹtí tó wà níbẹ̀, pé wọ́n kàn fẹ́ yẹ àwọn méjèèjì wò ni. Múfútàù ò wo ẹnikẹ́ni. Ó ń wo táìlì ilẹ̀ yàrá mi.

Bàbá Alága wúkọ́ díẹ̀. Ó gbàdúrà fún wa. Ó wá ní, "Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó."

Ẹsẹ̀ ọkọ mi tó wà lábẹ́ kọ́tìnnì lọ́jọ́sí ni mo rí lọ́kàn mi. Mo rí i kedere, títí kan bàtà sálúbàtà tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n dárí jì mí, pé àga mẹ́ta ni òfin wa gbà nínú yàrá yìí, kí wọ́n bá wa jókòó sábẹ́ igi níta. N kò lé àgbà jáde rí láyé mi.

Bàbá ò bínú. Ó wò mí pẹ́. "Ọmọ mi, ta ló wá máa sọ ọ́?"

"Ẹni tó ni ín ni, sà."

Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé Múfútàù léjìká, ó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Síkírá. Ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tí Bàbá mọ̀ tí òun ò mọ̀. Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ wa nìyẹn, kéèyàn mọ ọ̀rọ̀ kó má sọ ọ́. Múfútàù bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń dá a dúró. Kẹ̀kẹ́ kan wà níta tí kò fẹ́ dáná, a jọ ń gbọ́ ọ. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, mo fẹ́ bá a sọ ọ́. Mo fi eyín há ètè mi.

"Síkírá," ó ní, "mo ní kòkòrò HIV lára. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti mọ̀. Kò sí iṣẹ́ kankan ní Wuye. Ẹ̀rù ló ń bà mí kí n má kó o ràn ọ́."

Síkírá ò sunkún lójú ẹsẹ̀. Ó bi mí bóyá ọkọ òun máa kú. Mo ní kó bi ẹni tó jókòó tì í. Múfútàù yọ ike oògùn rẹ̀ látinú àpò, áńkáṣíìfù ló fi wé e, ó ṣàlàyé fún un bí òun ṣe ń lò ó. Síkírá gbà á, ó mì í kó gbọ́ ìró rẹ̀, ẹkún wá bọ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran: pẹ̀lú ẹkún yẹn náà ló bi mí ní gbogbo ohun tó yẹ kó bi mí, ti àwọn ọmọ, ti rọ́bà, ti oògùn ìdènà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí nǹkan kan. Mo sọ fún un pé a ṣì máa tún un yẹ̀ wò kí ó tó dá wa lójú, pé ó lè bẹ̀rẹ̀ oògùn ìdènà kó tó padà sí Ọ̀yọ́.

Ó nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Inú ń bí mi o. Ẹ sọ fún Bàbá kí ẹ tó sọ fún mi, inú ń bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n ká ní Bàbá yẹn ló sọ ọ́ fún mi ni, ǹ bá kúnlẹ̀, ǹ bá dúpẹ́, ǹ bá sì gba ilé wa lọ."

Mo ní mò ń lọ mú káàdì. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni mo lọ, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ, mo dúró síbẹ̀ títí ojú mi fi gbẹ.

Nígbà tí wọ́n jáde, Bàbá Alága ti sùn lọ lábẹ́ dóńgóyárò. Síkírá ló jí i. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé ó bá wọn wá, ó ní kó dìde, kí àwọn lọ jẹun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ rìn lọ sójú títì nínú eruku ọyẹ́, mò ń wo ẹ̀yìn wọn látojú fèrèsé.

Mo padà jókòó. Àga Síkírá ni mo jókòó lé. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Rónkẹ́ wá sí mi lọ́kàn. Fún ọdún mẹ́fà ni mo fi ka ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ mi sí i lọ́rùn pé ó rán èèyàn sí mi. Èmi ńkọ́? Ṣé èmi ò rán èèyàn sí i ni? Ẹnu àbúrò mi ni mo fi kọ ọkọ mi, tí mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ òjò ní gbogbo Sọ́ńdè. Ojú tì mí gan-an, ìtìjú náà kò sì jẹ́ kí n lè jókòó dáadáa. Mo mú fóònù, mo pè é.

Àkókò ìsinmi ọ̀sán ni ní ilé ìwé wọn, mò ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá Fọlá wà dáadáa, torí kì í ṣe ọjọ́ Sọ́ńdè. Mo ní ó wà dáadáa. Ó wá ní ọyẹ́ ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn. Mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ọyẹ́ tán.

Mo ní, "Bàbá Fọlá, èmi ni mo rán Rónkẹ́ sí yín nígbà yẹn. Kò yẹ kí n rán an. Ẹ̀yin ló yẹ kí n sọ fún pé inú ń bí mi. Kì í ṣe àìsàn yín ni mo sá fún. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

Ó dákẹ́. Mo dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. N kò bá a wá ọ̀rọ̀.

"Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wá ẹni tí mo máa rán sí ọ," ó ní. "Gbogbo ẹni tí mo bá rò, mo máa ń rí i pé kò ní mọ̀ ọ́n sọ."

"Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Èmi rèé."

Ó wúkọ́, àyà mi já. Ó wá pe oríkì mi, èyí tí n kò ní kọ síbí, tí kò sì sẹ́ni tó fi pè mí láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Ó ní, "Mo ní kòkòrò HIV lára. Lọ́jọ́ tí mo ti Òṣogbo dé, ò ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, ò ń kọrin, mi ò lè sọ ọ́. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo gbọ́ nígbà tí ò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mò ń lo oògùn mi lójoojúmọ́. Ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ̀rọ ò ti rí i mọ́. Mi ò mọ ẹni tí mo máa sọ ìyẹn fún."

Mò ń gbọ́ irú gbólóhùn yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú yàrá yẹn. Mo sunkún bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. N kò dá a ní ìmọ̀ràn kankan. Mo ní mo ti gbọ́, pé lọ́jọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa fún Fọlá ní ọlidé Kérésì, pé kó bá mi bó ọsàn sílẹ̀ kí a tó dé.

Ó ní, "Mélòó?"